Ẹ Jẹ́ Ká Gbọ́ Ohun tí Gángan Ń Sọ

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó ń ba orin wa jẹ́ lóde ìnáwó báyìí, kó wo ẹ̀yìn onígìtá. Áńpù gọgọrọ kan ló máa rí níbẹ̀, onísípíkà mẹ́rin, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó èèyàn, tí wọ́n ti yí ohùn rẹ̀ sókè, tó sì ń bo gbogbo ohun tó kù lórí ìtàgé mọ́lẹ̀. Onígìtá ni èmi náà. Ìbàdàn ni mò ń gbé. Ẹgbẹ́ jùjú ni mò ń bá ṣeré lọ́jọ́ Sátidé, ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ti ń ta gìtá lọ́jọ́ Àìkú. Ohun tí mo rí lẹ́nu iṣẹ́ yìí ni mo fẹ́ sọ: áńpù tí à ń rà ti tóbi ju òde tí à ń gbé e lọ. Owó tó yẹ ká fi ra ohun tó ṣe kókó là ń dà sínú rẹ̀, etí àwọn àgbà tó jókòó níwájú ló sì ń jìyà rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kò mọ sọ́dọ̀ àwa olórin. Orin tiwa, ọ̀rọ̀ ló kún inú rẹ̀. Nínú jùjú, gìtá kì í dá sọ̀rọ̀. Á pe gángan, gángan á dá a lóhùn, olórin á gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn méjèèjì. Bí onígángan ṣe ń fún awọ ìlù rẹ̀, tó ń tú u sílẹ̀, tí ohùn ń lọ sókè, tó ń bọ̀ wálẹ̀, la fi ń mọ̀ bóyá oríkì ló ń kì tàbí òwe ló ń pa. Àárín ohùn, níbi tí etí ọmọ ènìyàn ti ń gbọ́rọ̀ jù, ni gìtá àti gángan jọ ń gbé. Bí gìtá bá ti kọjá ààyè rẹ̀, ìró ìlù lásán ló máa kù létí àlejò, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ á ti sọ nù. Mo ti wà lórí ìtàgé tí onígángan ń ki ẹni tó ń náwó láti orí baba dé orí baba ńlá, tó ń dárúkọ ìlú rẹ̀, tó ń pe ìyàwó rẹ̀ mọ́ ọn, tí ọkùnrin náà sì jókòó jẹ́ẹ́ nídìí oúnjẹ rẹ̀. Kò gbọ́ pé òun ni wọ́n ń kì. Onílù náà pàdánù owó tí wọn ì bá lẹ̀ mọ́ ọn níwájú orí, ṣùgbọ́n ohun tí onínàáwó pàdánù ju owó lọ.

Nígbà tí áńpù kọ́kọ́ wọ inú jùjú, ìrànlọ́wọ́ ló bá wá. Àyìndé Bàkàrè ni olórí ẹgbẹ́ jùjú tí ìtàn sọ pé ó kọ́kọ́ lẹ máíkì mọ́ gìtá rẹ̀, tó sì gbé ohùn rẹ̀ gba inú ẹ̀rọ, ní 1949. Ṣáájú ìgbà náà, okùn gìtá lásán kò lè dúró níwájú ìlù púpọ̀, ìdí sì nìyẹn tí ẹgbẹ́ jùjú fi kéré. Bí ẹ̀rọ ṣe gbé ohùn gìtá àti ti olórin dìde, àyè gba ìlù sí i, gángan náà sì fìdí múlẹ̀ láàárín wọn. Iṣẹ́ tí a gbé áńpù fún nìyẹn: kó gbé gìtá dé ibi tí ìlù wà, kí àwọn méjèèjì lè fojú rinjú. Ẹ tún gbọ́ àwo *Jùjú Music* tí King Sunny Adé ṣe ní 1982. Gìtá pọ̀ nínú rẹ̀, gìtá onírin tí Dẹ́mọ́lá Adépọ̀jù ń tẹ́ sílẹ̀ ta tún wà ńbẹ̀, síbẹ̀ kò sí ìkankan tó gun èkejì lórí. Ẹ máa gbọ́ ìlù ní àgbọ́yé. Bí ó ti yẹ kó rí níwájú àwọn ènìyàn náà nìyẹn.

Àwọn àbúrò wa tó ń kọ́ gìtá máa ń bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, wáátì mélòó ni kí n rà?" Èmi náà á bi wọ́n pé, "Níbo lo ti fẹ́ lò ó?" Ìdáhùn wọn kì í yí padà: "Níbi gbogbo ni, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ ṣáà sọ èyí tó le jù fún mi." Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n rò pé wáátì 100 máa ń pariwo ní ìlọ́po méjì wáátì 50. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹni tó kúrò lórí 50 bọ́ sórí 100 kò rí ju dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 3 lọ, etí á kàn mọ̀ pé nǹkan fi díẹ̀ lé sí i ni. Kí ohùn tó dún létí èèyàn bí ìlọ́po méjì, agbára náà ní láti di ìlọ́po mẹ́wàá. Láti wáátì 10 dé wáátì 100 nìyẹn. Ẹ wo iye owó tó wà láàárín áńpù méjèèjì yẹn lọ́jà.

Sípíkà tó wà nínú àpótí náà sì lè gba apá kan iṣẹ́ yìí ṣe láìgba owó tó bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń ṣe sípíkà máa ń kọ iye dẹ́síbẹ́ẹ̀lì tó ń mú jáde nígbà tí wọ́n bá fún un ní wáátì 1, tí wọ́n sì gbé máíkì sí mítà 1 sí i. Ẹ lè rí sípíkà gìtá tó jẹ́ 97, kí ẹ rí òmíràn tó jẹ́ 100. Ìyàtọ̀ 3 yẹn tó ìlọ́po méjì wáátì. Áńpù wáátì 20 tó ní sípíkà 100 á bá áńpù wáátì 40 tó ní sípíkà 97 dọ́gba. Ṣùgbọ́n wáátì ni wọ́n ń kọ gàdàgbà sí iwájú àpótí. Iye ti sípíkà, àfi kí ẹ wá a lọ sínú ìwé rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò rẹ̀ dé orí àga àlejò. Áńpù wáátì 100, sípíkà 97, kí wọ́n yí i dé òpin: ní mítà 1, ohùn náà á tó dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 117. Ní ìta gbangba, bí èèyàn bá ti jìnnà sí i ní ìlọ́po méjì, 6 ló ń yọ kúrò. Ní mítà 2, ó di 111. Ní mítà 4, 105. Ní mítà 8, 99. Ní mítà 16, 93. Ní ìwọ̀n tí iléeṣẹ́ NIOSH tó ń rí sí ìlera òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà ń lò, èèyàn lè wà nínú ariwo 85 fún wákàtí 8 lójúmọ́, bí 3 bá sì ti gorí rẹ̀, kí wọ́n gé àkókò náà sí méjì. Ní 100, ó ti di ìṣẹ́jú 15. Ní 105, kò tó ìṣẹ́jú 5 mọ́. Ta ló sì ń jókòó sí mítà 4 sí ìtàgé lóde tiwa? Bàbá ìyàwó. Ìyá ọkọ. Àwọn àgbà ẹbí tí wọ́n gbé aṣọ funfun bo tábìlì wọn nítorí ọlá, tí wọ́n sì máa jókòó síbẹ̀ láti ọ̀sán di alẹ́. Àwọn tí a tìtorí wọn ṣeré la gbé sẹ́nu ìbọn, àwọn ọ̀dọ́ tó wà lẹ́yìn ni kò gbọ́ ọ dáadáa. Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìlànà jáde ní 2022 fún àwọn ibi tí wọ́n ti ń ṣeré: ohùn kò gbọdọ̀ ju 100 lọ, bí wọ́n bá pín in káàkiri ìṣẹ́jú 15. Mi ò tíì rí gbọ̀ngàn kan níbí tó lẹ ìlànà náà mọ́ ògiri.

Àwọn kan á ní ṣebí àwọn òyìnbó ló kọ́kọ́ ṣe áńpù ńlá. Òótọ́ ni, ó sì nídìí. Jim Marshall, ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù ìlù àti gìtá ní Hanwell nílùú London, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe áńpù ní 1962. Nígbà tó di 1965, ó ti ṣe oníwáátì 100 nítorí pé Pete Townshend àti ẹgbẹ́ rẹ̀, The Who, ń bẹ̀bẹ̀ fún ohun tó le sí i. Ọdún kan náà, ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹjọ, The Beatles ṣeré ní Shea Stadium ní New York níwájú èèyàn tó lé ní 55,000. Vox ti ṣe áńpù wáátì 100 fún wọn. Ohùn ẹnu wọn gba inú àwọn gbohùngbohùn tí pápá náà fi ń kéde. Igbe àwọn ọmọdébìnrin bo gbogbo rẹ̀, àwọn tó ń ṣeré pàápàá kò gbọ́ ara wọn. Ohun tó fa gbogbo èyí ni pé nígbà náà, kò sí míkísà àti sípíkà ńlá tó lè gba ohùn gbogbo ẹgbẹ́ kó sì gbé e dé ẹ̀yìn pápá. Onígìtá ló ní láti ti ohùn tirẹ̀ débẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìṣòro tó bí áńpù gọgọrọ ti tán. Lónìí, ẹni tó ń yá wa ní ẹ̀rọ ohùn ní Ìbàdàn, kó tiẹ̀ má jẹ́ olówó, ń gbé sípíkà ńlá méjì sí mẹ́rin wá sí òde. Àwọn yẹn ló ní àlejò. Áńpù gìtá ní tirẹ̀, èmi, onílù àti olórin ló ń bá sọ̀rọ̀, pẹ̀lú máíkì kékeré kan tí wọ́n gbé síwájú rẹ̀. Shure SM57 tí ọ̀pọ̀ ń lò fún iṣẹ́ náà ti wà lọ́jà láti 1965 kan náà yẹn.

Tí ẹ bá ti gba èyí, yíyan áńpù á rọrùn.

Ibi kékeré, bíi ìsọmọlórúkọ nínú pálọ̀, tàbí ilé ọtí tí àlejò rẹ̀ kò ju 50 lọ, áńpù onítíránsísítọ̀ wáátì 20 sí 30 pẹ̀lú sípíkà ínṣì 10 kan ti tó, kò sì sí pé à ń gbé máíkì sí i.

Ṣọ́ọ̀ṣì ló le jù, ibẹ̀ sì ni mo ti rí ìnáwó òfò jù. Ògiri sìmẹ́ǹtì, ilẹ̀ táìlì, fèrèsé gíláàsì, òrùlé páànù: kò sí ohun tó ń gba ohùn mu níbẹ̀. Ìró tí mo ta kò tíì lọ tán tí èkejì fi dé bá a, wọ́n á sì dàrú mọ́ra. Kí wá ni ìgbìmọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ń ṣe? Wọ́n ní àwọn ará kò gbọ́ gìtá ketekete, wọ́n lọ ra áńpù tó tún lágbára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ariwo tó ń ta láti ògiri sí ògiri á wá di púpọ̀ sí i, gìtá kò sì ní dún ketekete síbẹ̀. Nínú gbọ̀ngàn èèyàn 200 sí 300, oníwáátì 30 sí 50 tó jẹ́ onítíránsísítọ̀, tàbí 15 sí 22 tó jẹ́ onífáàfù, irú èyí tó ń lo ìgò gíláàsì, sípíkà ínṣì 12 kan, máíkì níwájú rẹ̀, ó parí. Kí wọ́n kó ìyókù owó náà sórí kápẹ́ẹ̀tì àti kọ́tìnnì tó nípọn lára ògiri ẹ̀yìn. Ohun kan tún wà tó máa ń tan àwọn ọ̀dọ́ akọrin jẹ. Lálẹ́ Sátidé tí wọ́n ń dán orin wò, gbọ̀ngàn ṣófo, ohùn ń hó. Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, ara èèyàn ti kún inú rẹ̀, agbádá, bùbá, gèlè, gbogbo wọn ń fa ohùn mu. Ibi tí ẹ yí bọ́tìnnì sí lálẹ́ kò lè bá ti àárọ̀ mu, ẹ má fi ìyẹn ṣe ìdájọ́ áńpù.

Ìdánwò tí mo ní kí àwọn ìgbìmọ̀ máa lò kí wọ́n tó sanwó rèé. Kí wọ́n gbé áńpù náà wá sí gbọ̀ngàn fúnra rẹ̀, kí onígìtá máa ta, kí onígángan máa lù. Kí ẹnì kan tó mọ ìlù gbọ́ lọ jókòó sí àga tó jìnnà jù, kó sọ ohun tí ìlù wí. Bí kò bá lè sọ ọ́, kí wọ́n dín gìtá kù títí tó fi máa lè sọ ọ́. Ibi tí bọ́tìnnì bá dúró sí á fi hàn wọ́n bóyá áńpù náà ti tóbi jù. Bí ó bá jẹ́ pé kò kúrò lórí òǹkà kìíní, wáátì tí wọn ò ní lò láéláé ni wọ́n fẹ́ sanwó lé lórí, àti pé ọ̀pọ̀ áńpù kì í fi ohùn tó dára hàn níbi tó rẹlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Abẹ́ kánópì ní àdúgbò, tàbí pápá ilé ìwé, ọ̀rọ̀ yí padà. Kò sí ògiri tó máa dá ohùn padà, jẹnẹrétọ̀ ń kùn lẹ́gbẹ̀ẹ́, ìnáwó mìíràn sì lè wà ní òpópónà kejì. Níbí ni mo gbà pé kí onígìtá ní agbára díẹ̀ sí i: wáátì 60 sí 120 onítíránsísítọ̀, sípíkà ínṣì 12 méjì. Àwọn kan á bi mí pé kí ló dé tí mo fẹ́ bẹ́ẹ̀ nígbà tí àwọn onígìtá rọ́ọ̀kì ń fi oníwáátì 22, irú Fender Deluxe Reverb, ṣeré níbi tó jọ ọ́. Ìdí ni pé ohun tí wọ́n ń wá yàtọ̀ sí tiwa. Onírọ́ọ̀kì fẹ́ kí áńpù òun máa ha, ó mọ̀ọ́mọ̀ ń tì í dé ibi tí agbára rẹ̀ ti fẹ́ tán kí ohùn lè le. Jùjú, àpàlà tí wọ́n fi gìtá sí, háílàìfù, afrobeat Fẹlá, gbogbo wọn ló fẹ́ ohùn tó mọ́, tí okùn kọ̀ọ̀kan ń dá dún. Áńpù tiwa gbọ́dọ̀ ṣì ní agbára lápò nígbà tó bá ti dún tó ìlù. Ìmọ̀ràn tí àwọn ọmọ wa ń kà nípa áńpù, ti onírọ́ọ̀kì ló pọ̀ nínú rẹ̀, wọ́n sì ń ra ohun tí kò bá orin wa mu. Ní tèmi, irú Roland JC-120 ni mo fẹ́ràn jù fún òde báyìí. Láti 1975 ni wọ́n ti ń ṣe é, onítíránsísítọ̀ ni, sípíkà ínṣì 12 méjì, ohùn rẹ̀ sì mọ́ lọ́nà tí kì í tètè ha. Àìdára rẹ̀ ni pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò 28. Ẹni tí kò ní ju ọkọ̀ Máíkírà tí wọ́n ń fi ṣe kábùkábù lọ, kó rò ó dáadáa.

Áńpù onífáàfù dùn, mi ò ní jiyàn. Fender Twin Reverb oníwáátì 85 lè gbé gìtá jùjú kọjá òde tó gbòòrò láìha. Ṣùgbọ́n gíláàsì tó ń tàn ló wà nínú ikùn rẹ̀. Ojú ọ̀nà wa kò fẹ́ gíláàsì. Bí fáàfù kan bá kú ní Ìsẹ́yìn ní agogo mẹ́sàn-án alẹ́, kò sẹ́ni tó máa rí òmíràn rà.

Ní gbọ̀ngàn ńlá tó ń gba ẹgbẹ̀rún èèyàn, àti pápá ìṣeré, áńpù kò já mọ́ nǹkan fún àlejò mọ́. Wáátì 20 pẹ̀lú máíkì ti tó. Ẹ tiẹ̀ lè má gbé áńpù lọ bí àpótí kékeré tó ń ṣe ohùn bíi ti áńpù bá wà lọ́wọ́ yín, tí ẹ sì lè gbọ́ ara yín nínú sípíkà tí wọ́n dojú rẹ̀ kọ olórin. Ohun tí mo kọ̀ ni kí ẹ ki wáyà gìtá tààrà bọ ojú ihò máíkì lára míkísà, bí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ṣe ń ṣe láti dín owó kù. Ojú ihò yẹn kò bá iná tín-ín-rín tó ń ti inú gìtá jáde mu, ó ń fún ohùn náà lọ́rùn, á sì máa dún gbẹrẹfu. Ẹ ra àpótí DI oníbátìrì kan, èyí tí wọ́n ṣe fún gìtá. Kò wọ́n tó áńpù.

Gbọ̀ngàn Mápó ní Ìbàdàn kò sí nínú ìpín yìí, nítorí pé ohùn lásán ni wọ́n kọ́ ọ fún. Ọdún 1929 ni wọ́n ṣí i, ogún ọdún gbáko ṣáájú kí Bàkàrè tó gbé gìtá gba inú ẹ̀rọ. Òrùlé rẹ̀ ga, ògiri rẹ̀ le. Ẹni tó bá ń ṣeré níbẹ̀, kó mú èyí tó kéré jù nínú áńpù tó ní.

Ibi tí ẹ gbé áńpù sí tó iye wáátì ní pàtàkì, kò sì ná yín ní kọ́bọ̀. Ohùn tó tín-ín-rín máa ń jáde tààrà láti àárín sípíkà ínṣì 12. Kì í tàn kálẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Onígìtá tó gbé áńpù sílẹ̀ẹ́lẹ̀ sẹ́yìn ara rẹ̀, orúnkún rẹ̀ ló ń ta gìtá fún. Òun fúnra rẹ̀ ń gbọ́ ohùn tó kú, á wá máa fi tírébù kún un, á tún yí i sókè, nígbà tí ohùn náà ń gún àwọn tó jókòó níwájú létí bí abẹ́rẹ́. Ẹ gbé e lé kéèsì bíà méjì tàbí àga, ẹ yí ojú rẹ̀ sókè díẹ̀ kó dojú kọ etí yín. Láàárín ìṣẹ́jú kan, ẹ̀yin fúnra yín á dín in kù. Bí gìtá bá tó mẹ́ta nínú ẹgbẹ́, kí áńpù kọ̀ọ̀kan dúró nítòsí ẹni tó ni ín, kí gbogbo wọn má tò jọ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Mo fẹ́ kí ẹ fọkàn sí ọ̀rọ̀ iná tí mo fẹ́ sọ yìí, nítorí pé ẹ̀mí wà nínú rẹ̀. Áńpù tòkunbọ̀ tó ti Amẹ́ríkà wá, iná fóòtì 120 ni púpọ̀ nínú wọn ń lò. Tiwa jẹ́ 230 sí 240. Ẹni tó bá kì í bọ ògiri láìwo ẹ̀yìn rẹ̀, èéfín ló máa rí. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí wáyà iná ń wọ̀ kí ẹ tó sanwó, kí ẹ sì fi owó tíránsífọ́mà tó ń bu iná kù mọ́ iye rẹ̀. Iná tiwa máa ń já wálẹ̀, á tún fò sókè láìròtẹ́lẹ̀, sítábíláísà kì í ṣe ọ̀ràn ọlá.

Èyí tó burú jù ni gígé tí àwọn èèyàn ń gé ẹsẹ̀ kẹta lára púlọ́ọ̀gì kó lè wọ ẹnu ẹ̀ẹ̀kẹ́ńṣọ̀n. Ẹsẹ̀ kẹta yẹn ló ń da iná tó bá ṣìnà sínú ilẹ̀. Tí ẹ bá gé e, ara gìtá ni iná náà máa dúró sí, ara okùn irin tí ìka yín wà lórí rẹ̀. Bí ẹ bá wá fi ètè kan máíkì tó so mọ́ míkísà, tí míkísà náà sì ń jẹ iná láti jẹnẹrétọ̀ mìíràn, inú ara yín ni iná máa gbà lọ sódì kejì. Àwọn olórin ti kú báyìí lórí ìtàgé ní àwọn ìlú mìíràn lágbàáyé. Ní ẹgbẹ́ tiwa, ibi kan ṣoṣo ni áńpù àti míkísà ti ń mu iná, wáyà ilẹ̀ sì gbọ́dọ̀ pé. Bí kò bá pé, a ò ní tan ohunkóhun, kódà bí onínàáwó bá ń bínú. Mo sì máa ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan máíkì kí n tó gbé ẹnu sún mọ́ ọn.

Kí n má gbàgbé onígìtá báàsì. Ẹ má ṣe so ó mọ́ áńpù gìtá. Ohùn báàsì máa ń ti páálí sípíkà síwá sẹ́yìn jìnnà, ti gìtá kò sì lè gbà á, á fàya. Báàsì fẹ́ áńpù tirẹ̀, sípíkà tirẹ̀, wáátì rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ pọ̀ ju ti gìtá lọ fíìfíì: 200 sókè fún òde kánópì. Níbi tó bá ti yẹ kí owó ńlá wọlé, ibẹ̀ ni kó wọlé sí.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú wa, ọ̀gá ẹgbẹ́ pàápàá, gbà pé ariwo ni àwọn èèyàn fi ń mọ̀ pé òde ti gbóná. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, ọwọ́ wọn la ti kọ́ṣẹ́. Síbẹ̀, mo ti rí òde tó gbóná nígbà tí a dín gìtá kù. Àlejò ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ láìlọgun, wọ́n ń gbọ́ orúkọ ara wọn lẹ́nu ìlù, wọ́n ń dìde láti náwó. Owó tó wọ àpò ẹgbẹ́ lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀ kò kéré sí ti ọjọ́ ariwo.

Ẹ̀yin tó ni gbọ̀ngàn ìnáwó náà, ẹ ní ipa tiyín. Ẹ fa wáyà iná kan lọ́tọ̀ sí orí ìtàgé, kí ẹ́ńjíníà tó mọṣẹ́ so ẹ́ẹ̀tì rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí iná ẹ̀rọ amúlétutù má kan tiwa. Ẹ gbé kọ́tìnnì tó nípọn sí ògiri tó dojú kọ ìtàgé, láti òkè délẹ̀. Kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé tí onínàáwó ń fọwọ́ sí pé ẹgbẹ́ olórin kankan kò gbọdọ̀ kọjá dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 100 níbi tábìlì àkọ́kọ́. Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń wọn ariwo wà lọ́jà, owó rẹ̀ kò tó iye àga tí ẹ ń tún ṣe lẹ́yìn ìnáwó kan. Kí máníjà yín gbé e lọ́wọ́, kó sì wá sọ́dọ̀ wa ní ìdí ìtàgé bí a bá ti kọjá rẹ̀.